Kóòdù C Àtijọ́ Nínú Áàpù Tuntun: Ohun Tí Compiler Kì Í Sọ

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Library kan wà, ìyẹn àkójọ kóòdù tí áàpù mìíràn lè pè, tí wọ́n fi C kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó ka fáìlì tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ń kọ sílẹ̀, kó yà á sí ìlà-ìlà, kó sì dá èsì padà. Ó ti pẹ́ láyé ju ọ̀pọ̀ áàpù tó wà lórí fóònù wa lọ. Lórí kọ̀ǹpútà mi, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti ka fáìlì tán. Lórí iPhone, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e sórí fóònù Android, láì yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì ní í parí. Kò sí àṣìṣe tó yọjú. Áàpù kò kú. Fóònù ṣáà ń gbóná, bátìrì ń lọ sílẹ̀.

Tí kóòdù bá kú, ọ̀nà wà láti tọpa rẹ̀: ẹ óò rí ibi tó kú sí, ẹ óò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Èyí tí kò kú, tí kò sì parí, òun ló ń fi orí ẹni ṣeré. Ohun tó sì ń dà mí láàmú jù ni iPhone yẹn. Ká ní gbogbo ARM, irú chip inú fóònù wọ̀nyí, ló ń há ni, ǹ bá ti di ẹ̀bi ru chip, ó tán. Ṣùgbọ́n ARM ni iPhone, ARM náà ni Android. Bíìtì 64 ni méjèèjì. Clang, compiler tó ń sọ kóòdù C di èdè chip, ló compile méjèèjì. Fáìlì tí wọ́n ń kà, báìtì sí báìtì, ọ̀kan náà ni. Kí ló wá kù tó yàtọ̀?

“Ṣebí kí o tún un kọ”

Ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn. Fi Kotlin kọ ọ̀kan fún Android, fi Swift kọ ọ̀kan fún iPhone, kí o sinmi. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì fẹ́ràn Kotlin. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tó níye lórí nínú kóòdù tó ti pẹ́ ni àkísà rẹ̀ gan-an: àwọn if kéékèèké tó dà bíi pé wọn kò wúlò, tó jẹ́ pé fáìlì burúkú kan tí ẹnì kan bá pàdé lọ́jọ́ kan ló mú un kọ wọ́n. Ìlà kan wà nínú library yìí tó ń fo báìtì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n bá jẹ́ EF BB BF, àmì àìrí tí àwọn ètò kan máa ń fi sí iwájú fáìlì ọ̀rọ̀. Òmíràn wà tó gbà pé ìlà lè parí pẹ̀lú \r nìkan, láìsí \n lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò kọ èyí tó mọ́ tónítóní, yóò sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ gbogbo ìyà tí ẹni àkọ́kọ́ ti jẹ.

Àwọn tó ṣe fóònù fúnra wọn mọ èyí. SQLite, tí D. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, wà nínú gbogbo Android àti iPhone, C sì ni. zlib, tí Jean-loup Gailly àti Mark Adler gbé jáde ní 1995, wà níbẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò jókòó fi èdè tuntun tún wọn kọ kí fóònù tó dé ọjà. Wọ́n compile wọn ni.

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ kò gbà mí lákòókò, n kò sì ní í fi gba tiyín. NDK, irinṣẹ́ Google fún gbígbé C sórí Android, ti wà láti 2009, CMake ń bá a ṣiṣẹ́ dáadáa, Swift sì ń ka header C bí ẹni ń ka tirẹ̀. Ẹni tó bá ń lo Flutter ní dart:ffi láti fi pe C. Mo compile library náà fún gbogbo irú Android tí mo fẹ́, .so (fáìlì library tí Android ń lò) jáde, ẹ̀dùn-ọkàn kankan kò bá a jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà máa ń parí sí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlà tó há

Lórí Android, ohun tí áàpù bá fi printf sọ kì í dé etí ẹnikẹ́ni, /dev/null ló ń lọ. Mo fi __android_log_print rọ́pò rẹ̀, mo ní kó máa sọ nọ́ńbà gbogbo báìtì tó bá kà. Ó ka fáìlì náà dé òpin, gbogbo rẹ̀ pé. Lẹ́yìn báìtì tó gbẹ̀yìn, ó wá ń kọ 255. 255. 255. 255. Ojú ìwé kún, ó ṣí òmíràn, 255 náà ni. Library náà ní ààlà fún gígùn ìlà, èyí tó bá sì kọjá ààlà, ńṣe ló ń jù ú nù. Ìdí nìyẹn tí mẹ́mórì kò fi kún, tí áàpù kò sì fi kú. Orí thread (ọ̀nà iṣẹ́ kan nínú áàpù) tó yàtọ̀ sí ti ojú ìwé áàpù ni mo sì ti ń pè é, nítorí náà Android kò rí ohun tó máa fi ké gbàjarè.

Kò sí 255 kankan nínú fáìlì náà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Níbo ló ti wá? Mo padà sí ibi tí kíkà ti ń ṣẹlẹ̀, ìlà méjì yìí ni:

char c;
while ((c = fgetc(f)) != EOF) {

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ohun tó burú lójú. Irú rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ̀rún kóòdù. Ṣùgbọ́n fgetc, tó ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan, kì í dá char (àpò báìtì kan) padà, int (àpò nọ́ńbà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀) ló ń dá padà, ìdí sì wà. Báìtì kan lè jẹ́ ọ̀kan nínú 256: láti 0 dé 255. Fgetc gbọ́dọ̀ lè dá gbogbo wọn padà, kó sì tún lè sọ pé fáìlì ti tán. Ohun 257 nìyẹn, inú báìtì kan kò sì gba ju 256 lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ẹni tó kọ fgetc mọ̀, ló ṣe sọ ọ́ di int, tó fi −1 ṣe àmì òpin, ìyẹn EOF. Ẹni tó kọ char c ló fún ohun 257 mọ́ inú àpò 256.

Tí char bá jẹ́ irú tó lè ní nọ́ńbà tó kéré ju òdo lọ, −1 á wọ inú rẹ̀, á sì jáde bíi −1, yíyípo á dúró. Tí char bá jẹ́ irú tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo lọ sókè, −1 tó wọ inú rẹ̀ á di 255. 255 kì í ṣe −1 láéláé. Yíyípo kò ní ibi tó máa dúró sí.

Àlàyé dùn, ṣùgbọ́n àlàyé tó dùn ti tan èèyàn jẹ rí. Mo fẹ́ rí i lójú. Clang ní ohun kan tó ń jẹ́ -funsigned-char: ó ń sọ fún compiler pé kó ka char sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ohun yòówù kí chip jẹ́. Mo fi kún àṣẹ tí mo fi ń compile lórí kọ̀ǹpútà mi, chip x86-64 gidi, kì í ṣe ARM, tí kò tíì há lórí kóòdù yìí rí. Mo pè é. Terminal dúró. Mo wò ó, ó ń wò mí. Fáàánù kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kóòdù kan náà, fáìlì kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà, ó há gan-an bó ṣe há lórí fóònù. Mo tẹ Ctrl-C, mo wá ṣe òdìkejì rẹ̀: mo compile ti Android pẹ̀lú -fsigned-char. Ó parí wẹ́rẹ́.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n inú dídùn yẹn kò pẹ́. Tí −1 àti 255 bá jọ ń gbé yàrá kan náà, kí ló máa ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi tí 255 gidi bá wà nínú fáìlì? Mo ṣe fáìlì kan, mo fi báìtì 255 sí àárín rẹ̀. Library náà kà dé ibẹ̀, ó ní fáìlì ti tán, ó sì dá ìdajì èsì padà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Kò há, kò ráhùn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọdún gbọ́ọrọ.

Ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀ ni pé UTF-8, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ lẹ́tà di báìtì, kì í ní báìtì 255 nínú tó bá pé. Ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n sì ń fún library yìí jẹ. Ká ní wọ́n fún un ní àwòrán JPEG ni, orí báìtì àkọ́kọ́ gan-an ni ì bá ti dúró, nítorí 255 ni JPEG fi ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo ń bi ara mi láti ọjọ́ yìí, pé èwo ló tọ̀nà nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù, kò sí èyí tó tọ̀nà. Fóònù Android ló kàn jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀.

Ta ló sọ pé char rí báyìí?

Ọ̀rọ̀ iPhone ṣì kù. Mo ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀.

Nígbà tí Dennis Ritchie ń ṣe C ní Bell Labs, ní nǹkan bí 1972, PDP-11 ni kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀. Lórí PDP-11, tí ẹ bá gbé báìtì kan sínú register (àpò inú chip), ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló máa ń fa àmì rẹ̀ gùn: báìtì tó bá ju 127 lọ á di nọ́ńbà tó kéré ju òdo. Char inú C wá rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé bí ẹ̀rọ ṣe rí nìyẹn. ARM dé ní àárín ọdún 1980 sí 1989, òdìkejì sì ni tirẹ̀. Àṣẹ tó fi ń gbé báìtì, LDRB, òdo ló fi ń dí ìyókù. Kò tilẹ̀ sí àṣẹ tó lè gbé báìtì pẹ̀lú àmì rẹ̀ títí ARMv4 fi mú LDRSB wá. Ẹni tó bá fẹ́ char alámì, èyí tó lè kéré ju òdo, lórí ARM àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi àṣẹ kún àṣẹ. Kò sí ẹni tó fẹ́ san owó yẹn. Char wá di aláìlámì lórí ARM, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ARM.

Nígbà tí wọ́n wá kọ òfin C sílẹ̀ ní 1989, àwọn méjèèjì ti wà nílé, wọn kò lè lé ẹnì kankan jáde. Òfin náà sọ pé ẹni tó bá ṣe compiler ni kó yàn. Linux àti Android tẹ̀ lé ARM. Apple ní tirẹ̀ yàn pé char òun máa ní àmì, kódà lórí ARM. Ohun tó mú iPhone parí iṣẹ́ tí Android fi há nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ chip rárá; ìpinnu àwọn èèyàn ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ju ti char lọ. Ẹni tó kọ library náà kò rú òfin kan tí compiler rẹ̀ lè rí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé tirẹ̀ ló sì wò: char alámì ni gbogbo ẹ̀rọ tó wà láyìíká rẹ̀ ń lò. Ó kọ ohun tó mọ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀, ó rò pé òfin ni. Àṣà ilé rẹ̀ ni. Mo sì gbà pé iṣẹ́ gbígbé C lọ sínú áàpù, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe compile rárá. Wíwá àwọn àṣà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ni.

(Ohun kan bí mi nínú o. Fáìlì build tó bá library náà wá ní -w nínú, ìyẹn ni pé kí compiler má kìlọ̀ nǹkan kan. Nígbà tí mo yọ ọ́, Clang fúnra rẹ̀ sọ, lórí ti Android, pé ìfiwéra ìlà yẹn máa jẹ́ òótọ́ ní gbogbo ìgbà. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Wọ́n kàn ti dí i lẹ́nu ni.)

Kóòdù tó gbà pé òun máa kú

Lẹ́yìn èyí ni mo wá ń ka library náà pẹ̀lú ojú mìíràn. N kò wá àṣìṣe mọ́, àṣà ni mo ń wá. Èyí tó tóbi jù nínú wọn sì wà káàkiri: kóòdù yìí gbà pé òun máa kú láìpẹ́.

Inú terminal ni wọ́n bí i sí. Wọ́n á pè é, á ka fáìlì kan, á kọ èsì, á sì parí. Tó bá ti parí, operating system á gba gbogbo mẹ́mórì rẹ̀ padà. Nínú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀, malloc (gbígba mẹ́mórì) láìsí free (dídá a padà) kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí lo fẹ́ fọ ilé fún nígbà tí wọ́n máa wó o ní ìṣẹ́jú tó ń bọ̀? Inú áàpù kò rí bẹ́ẹ̀. Process kan náà lè wà láàyè látàárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n pe function náà nígbàkígbà tí èèyàn bá ti fa ojú ìwé sílẹ̀. Díẹ̀-díẹ̀ tí kò dá padà á pọ̀ títí Android á fi pa áàpù náà.

Àwọn variable tó jẹ́ static, tí kì í gbàgbé ohun tó wà nínú wọn láàárín ìpè kan sí òmíràn, náà ńkọ́? Ọ̀kan wà tó ń ka iye ìlà. Nínú terminal, láti òdo ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Nínú áàpù, fáìlì kejì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èkíní parí sí. Strtok, function C tó ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, wà níbẹ̀ náà, òun tó máa ń rántí ibi tó dé láàárín ìpè kan sí òmíràn; C kò ṣèlérí rárá pé thread méjì lè lò ó pọ̀. Exit(1) sì wà níbi mẹ́ta tí fáìlì bá ti bàjẹ́. Nínú terminal, ìwà ọmọlúàbí ni: sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí o lọ. Nínú áàpù, gbogbo áàpù ló ń pa. Ẹni tó ń lò ó á kàn rí i pé áàpù pòórá lójú òun. Mo sọ gbogbo rẹ̀ di return pẹ̀lú nọ́ńbà àṣìṣe, mo kó àwọn static jọ sínú struct kan tí olùpè máa mú lọ́wọ́. Kóòdù yẹn kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló gba àkókò jù.

Fopen, tó ń ṣí fáìlì, náà ní tirẹ̀. Library náà ń wá fáìlì ìṣètò kan níbi tí wọ́n bá ti pè é. Lórí Android, / ni ibi tí áàpù wà lójú C, fáìlì tí ẹ bá sì kó sínú assets wà nínú APK, fáìlì tí áàpù fi ń dé sórí fóònù, níbi tí fopen kò lè dé. Ẹ dà á kọ sínú fódà áàpù náà kí ẹ fún C ní ọ̀nà rẹ̀ ní kíkún. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ẹnubodè

JNI, afárá tí Kotlin àti Java fi ń pe C lórí Android, ò dùn, gbogbo ènìyàn mọ̀. Orúkọ function máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Java_, kí package, class àti method tẹ̀ lé e, tí ẹ bá sì ṣi lẹ́tà kan kọ, ọjọ́ tí áàpù bá ń ṣiṣẹ́ ni ẹ óò tó rí UnsatisfiedLinkError. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. GetStringUTFChars, tó ń mú ọ̀rọ̀ Java wá fún C, kì í fún yín ní UTF-8 gidi. Emoji tó jẹ́ báìtì mẹ́rin nínú UTF-8, mẹ́fà ló máa ń jẹ́ níbẹ̀. Kóòdù C tó bá ń yẹ UTF-8 wò dáadáa á kọ̀ ọ́, ẹ óò sì máa bú C láìnídìí. Byte array ni mo ń fi ránṣẹ́, mo yí String padà sí UTF-8 ní ọ̀dọ̀ Kotlin.

Long, irú nọ́ńbà kan nínú C, náà: báìtì mẹ́rin ni lórí armeabi-v7a (Android bíìtì 32), mẹ́jọ lórí arm64-v8a (bíìtì 64). Láti oṣù kẹjọ 2019 ni Google Play ti sọ ọ́ di dandan pé kí áàpù tó ní kóòdù bíi C nínú mú ẹ̀yà bíìtì 64 wá, nítorí náà ọ̀pọ̀ áàpù ń gbé méjèèjì dání. Fáìlì tí ọ̀kan bá fi fwrite kọ long sí, èkejì á kà á sí ìsọkúsọ. int32_t àti int64_t, tí ìwọ̀n wọn kì í yí padà, wà nínú stdint.h láti C99. Kò sí àwáwí.

4096

Nípa ìlà char yẹn, àwọn kan á ní kí n fi -fsigned-char sílẹ̀ kí n sì máa bá tèmi lọ. N kò gbà. Ó ń mú híhá tí Android ń há kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń dá a padà sí irọ́ tí kọ̀ǹpútà ń pa: báìtì 255 á ṣì gé fáìlì sí méjì. Mo yí char c sí int c, mo sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ni library. -funsigned-char ni mo wá fi sínú ìdánwò tí ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ -fsigned-char. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń compile kóòdù kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń dán an wò pẹ̀lú AddressSanitizer, irinṣẹ́ tó ń ká àṣìṣe mẹ́mórì, kí fóònù kankan tó dé ibẹ̀.

Ní báyìí, nọ́ńbà kan ni mo ń lé kiri. Apá kan wà nínú library náà tó ń fi mmap, tó ń so fáìlì mọ́ mẹ́mórì, ṣí fáìlì ńlá, wọ́n sì kọ 4096 sínú rẹ̀ gbangba níbi méjì, bí ẹni pé ojú ìwé mẹ́mórì (ìwọ̀n tí operating system fi ń pín mẹ́mórì) kò lè tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Android 15, fóònù lè lo ojú ìwé 16 KB, ìyẹn 16384. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2025 ni Google Play sì ti ń béèrè pé kí áàpù tuntun àti àtúnṣe tó dojú kọ Android 15 sókè lè ṣiṣẹ́ lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀. Lórí fóònù 16 KB, mmap tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti 4096 á kọ̀, àṣìṣe EINVAL ló máa fi hàn. NDK tuntun á to .so yín sí 16 KB fúnra rẹ̀. Kò lè yí nọ́ńbà tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú kóòdù. Mo ti fi sysconf(_SC_PAGESIZE), tó ń bi fóònù léèrè bí ojú ìwé rẹ̀ ṣe tóbi tó, rọ́pò àkọ́kọ́. Èkejì wà nínú macro (orúkọ tí compiler ń fi kóòdù rọ́pò) kan tí macro mìíràn ń pè, mo sì ṣì ń wá gbogbo ibi tó ń bá jáde.